Ọjọ́ Orí Mojísọ́lá Kò Tíì Pé

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti òkèèrè. Ṣé orúnkún yẹn ti ń dẹ̀? Mo kí Màámi, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Inísà.

Òtútù ti wọ̀ wá lára níbí. Ẹja la ń dì sínú yìnyín níbi iṣẹ́ mi, bí mo bá sì jáde, ìta kò yàtọ̀ sí inú ibi tí mo ti ń bọ̀. Mo lè wà látàárọ̀ dalẹ́ kí n má rí ẹni tó máa pe orúkọ mi bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi máa ń dùn bí fóònù bá dún láti ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn já mi láyà.

Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìgboro ti ń sọ ọ́ ní ìsọkúsọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mojísọ́lá àbúrò mi ló pè, tẹkúntẹkún. Láti ìgbà tó ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ di kòtò ojú ọ̀nà Òkukù ni ẹgbẹ́ òṣèlú ti fẹ́ fà á kalẹ̀ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Òfin ní kí ẹni tó bá máa díje ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìbò yóò wáyé kí ó tó pé e, oṣù díẹ̀ péré ló kù. Alága ẹgbẹ́ wá ní kí ẹ lọ búra ní kóòtù pé ó ti pé. Mojísọ́lá ní kí n bá òun bẹ̀ yín. Ó ní àwọn àgbà tó wà nílé ìgbìmọ̀ pàápàá, ta ló mọ ọjọ́ orí wọn? Mo ní mi ò lè bẹ Bàbá kí wọ́n búra èké. Ó ní èmi tí mo ti sá lọ, kí ló kàn mí? Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.

Màámi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi ní kóòtù Ìkìrun, níbi tí alága àti Mojísọ́lá gbé yín lọ. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù bi yín ní ọdún tí wọ́n bí Mojísọ́lá, òótọ́ lẹ sọ. Alága ní bóyá ẹ ti gbàgbé. Ẹ ní ọwọ́ yín lẹ fi gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí, báwo lẹ ṣe máa gbàgbé? Alága àtàwọn èèyàn rẹ̀ gbé mọ́tò wọn lọ, wọ́n fi yín sílẹ̀ níbẹ̀. Mojísọ́lá bá wọn lọ.

Wọ́n ti fi ọkùnrin kan láti Ìgbayè rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń bú pé ẹ dínà ọmọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí, bóyá wọn ò tíì sọ fún yín: Mojísọ́lá lọ sí Òkukù, ó dúró níwájú àwọn tó ń tẹ̀lé e, ó ní òun ò tíì pé ọdún tí òfin sọ, pé kí ẹnikẹ́ni má bú bàbá òun. Àwọn kan pòṣé, wọ́n sì kúrò níbẹ̀.

Màámi ní ó ti padà sílé, ó ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, ẹ̀yin náà ò sì bá a sọ̀rọ̀. Bàbá, ẹ ò ṣe ohun tó burú ní Ìkìrun. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, kò lè kọ́kọ́ wá bá yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ẹ ó sì jèrè wa. Ẹ bá mi kí àwọn ará ìjọ àti aládùúgbò, títí kan àwọn tó ń bú yín.

Èmi ni Ọlánrewájú, ọmọ yín.