Fọwọ́ Sí I Kí Òjò Tó Dé

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹrin 2026

Inú ń bí mi. Kí n kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ọwọ́ mi lè balẹ̀.

Fawziyah wá lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọmọ tó ń rán jẹ́sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, tó tún ń fọn fèrè ní pápá lópin ọ̀sẹ̀ — rẹfirí obìnrin kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ wa ní ní Ẹdẹ. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń na káàdì sókè tí ọwọ́ kì í fi í gbọ̀n. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan fẹ́ rán aṣọ eré ìdárayá, igba ó lé àádọ́ta. Wọ́n ti fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún Fawziyah. Ó ti yáwó ra ẹ̀rọ ìránṣọ méjì nítorí rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló kù: ẹ̀rí pé ó san owó orí fún ọdún mẹ́ta. Bí kò bá mú un dé lọ́gbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí, wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ó fọkàn balẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Ṣé wọn kì í yọ ọ́ ní pápá ni? Eré kan, ₦6,000. Wọ́n á yọ ₦600, wọ́n á ní owó orí ni. Ọdún mẹ́rin. Eré mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Kò sí. Wọ́n tún un tẹ̀. Kò sí. Ó ní obìnrin tó wà níbẹ̀ wo òun bí ẹni ń wo olè.

"Bàbá, ibo lowó mi ń lọ?"

Mo ní n óò bá a wádìí. Akọ̀wé ẹgbẹ́, Tawheed — Ẹ̀rín-Ò-Tán ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí eyín rẹ̀ kì í wọlé — á gbọ́ nǹkan lẹ́nu mi lọ́la. Ẹni tó bá jẹ òógùn ọmọ tó ń sáré nínú oòrùn, kí Ọlọ́run — ó tó. Mo ti dàgbà ju èpè lọ.

Ìṣẹ́gun, 14

Mi ò lọ bá Ẹ̀rín-Ò-Tán. Orúnkún ń dùn mí. — Irọ́. Orúnkún ò ṣe mí.

Ọjọ́rú, 15

Fawziyah mú fọ́tókọ́pì ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí ní pápá wá. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe tíṣà ìṣirò rí, ẹ bá mi kà á." Mo wọ gíláàsì mi. N kò tíì ka ọ̀rọ̀ kan tí mo fi dá a mọ̀.

Ìlà tó wà láàárín iye owó àti owó orí tẹ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Rúlà mi ló ṣe é. Rúlà onígi tí eku ti gé létí, lọ́dún 1994. Èmi ni mo fa ìlà yẹn. Èmi ni mo kọ OWÓ ORÍ gàdàgbà sí òkè. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì lórí fọ́tókọ́pì, ìlà náà ò sì nà.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, níwọ̀n bó ti jẹ́ ìwé nìkan ló ń gbọ́. Lọ́dún yẹn, ọkùnrin kan wá bá wa ní pápá, ó ní agbowó-orí lòun, ó ní gbogbo ẹni tó ń gbowó eré gbọ́dọ̀ san tirẹ̀. Ẹ̀rù bà wá. Èmi akọ̀wé, èmi olóye, mo ní ká máa yọ náírà kan nínú mẹ́wàá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo kó owó náà lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Ẹni tí mo bá ní ọ́fíìsì ní òun ò rí ibi tí òun máa kọ ọ́ sí, pé iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ni tiwa, kí n máa gbé e lọ ná, wọ́n á ránṣẹ́ sí mi. Wọn ò ránṣẹ́. Òjò ọdún yẹn ń jò wá nínú ilé. Mo ra páànù. Ìyá Ilé — kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ — béèrè ibi tí owó ti wá. Mo ní àjọ ni mo kó. Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tún yọ ọ́.

Kò mọ síbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà máa ka iye, mo kọ́ wọn láti máa fọwọ́ sí ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àyè owó ṣì ṣófo. "Ẹ fọwọ́ sí i kí òjò tó dé." Mo máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́, kódà nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn ọmọ òde òní ṣì ń sọ ọ́. Wọ́n rò pé òwe ni.

Mo dá ìwé náà padà fún Fawziyah. Mo ní ojú ń ro mí.

Ọjọ́bọ̀, 16

Mo lọ bá Ẹ̀rín-Ò-Tán ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táyà ọ̀kadà. Mo bú u. Mo pè é ní olè níwájú oníbàárà. Ó jẹ́ kí n bú u tán, ó fún mi níjòókòó, ó ra omi tútù fún mi. — Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ la ọ̀nà. Àwa kàn ń tọ ẹsẹ̀ yín ni."

Mo ní mo ti gbé ipò sílẹ̀ láti 2009, ohun tí wọ́n jẹ lẹ́yìn mi kò kàn mí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi lọ́tẹ̀ yìí. "Owó ọbẹ̀ yín ńkọ́, Bàbá? Ibo lẹ rò pé à ń ti mú un?"

Owó ọbẹ̀: ₦5,000 tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù láti Oṣù Kìn-ín-ní 2019, nínú àpòòwé tí wọ́n kọ Bàbá Ẹgbẹ́ sí lára. Mo rò pé wọ́n ń dá a jọ ni. Mo ti fi ra ẹja. Mo ti fi ra oògùn. Mo ti fún Fawziyah nínú rẹ̀ lọ́dún Iléyá, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Mi ò rántí bí mo ṣe délé.

Jímọ̀, 17

Oṣù méjìdínláàdọ́rùn-ún. ₦440,000. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò ò gbẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20

Èmi àti Fawziyah lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Obìnrin tó wà níbẹ̀ — mo sọ ọ́ ní Onígò, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò — kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ní lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí, ẹni tí gbogbo owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ, ìjọba ò béèrè owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ló ń rí ìdajì ìyẹn ní pápá nínú wa? Ẹni tí ìjọba ní kó máa lọ lálàáfíà, àwa dì í mú, a yọ tiwa!

Ó ní ti ọdún tó ti kọjá, ẹni tó bá yọ owó orí lọ́wọ́ èèyàn tí kò fi ránṣẹ́, ọrùn ẹni tó yọ ọ́ ni gbèsè náà wà. Kí ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ sáà kọ lẹ́tà pé a yọ ọ́, kó kọ iye rẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Fawziyah á san ìwọ̀nba tó kan aṣọ rírán, á gba ìwé rẹ̀. Láìsí lẹ́tà, á san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, á san owó ìtanràn lé e, kò sì ní í parí kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù tó pé.

Nínú kẹ̀kẹ́ tí à ń bọ̀, mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀: rúlà, páànù, owó ọbẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn béèrè pé, "Ti ọdún Iléyá yẹn náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró. Ó san owó tirẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ìṣẹ́gun, 21

Ẹ̀rín-Ò-Tán ní òun ò ní í kọ lẹ́tà kankan. Ta ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ so okùn mọ́ ọrùn? Ó ní bí mo bá kọ ọ́, kí n mọ̀ pé mi ò ní ẹgbẹ́ mọ́. Lórí fóònù, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní fèrè fífọn ti ń kọ ọ́ síra wọn pé Bàbá ti ń ṣarán. Ẹnì kan ní, "Ó jẹun tán, ó wá ń fọ́ àwo."

Ó dùn mí débi pé mo ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Nítorí pé òótọ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, 23

Sẹkọnà. Zakariyah.

N kò kọ orúkọ yìí sínú ìwé kankan láti 1997. Aláàsíá mi létí pápá ni nígbà náà, ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Òun nìkan ló dìde ní pápá lọ́jọ́ kan tó ní, "Akọ̀wé, rìsíìtì dà?" Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá wa ní Òṣogbo pé ó gbowó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Awo. Kò gba kọ́bọ̀. Wọ́n gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbé e mọ́ dòní.

Mo bá a nídìí ọ̀pẹ̀yìnbó tó ń tà létí títì. Mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ọ̀gá ló máa ń pè mí. Lónìí ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìyí." Ìwọ. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, láti Ẹdẹ sí Sẹkọnà! Ṣé ìdí lo fi ń wọ́ bọ̀ ni?" Obìnrin tó ń nájà lọ́dọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tọ́ sí mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Ó ní kí n dìde, kí n má dí òun lọ́jà. Mo sọ ti lẹ́tà. Ó ń bẹ ọ̀pẹ̀yìnbó, kò wojú mi.

"Kọ ti Awo sí i. Kó o sì kà á sétí wọn ní pápá, níbi tó o ti bà mí jẹ́. Bí ò bá sí ti Awo níbẹ̀, ara rẹ lò ń fọ̀."

Mo ra ọ̀pẹ̀yìnbó méjì. Ó gba owó rẹ̀ pé, kò sọ̀rọ̀ ẹ̀dínwó.

Àbámẹ́ta, 25

Mo kà á.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí wọ́n kó ìwé jáde, tí ẹnì kan ti ń pariwo pé ẹ fọwọ́ sí i kí òjò tó dé. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí nǹkan kan. Mo ka lẹ́tà náà: 1994, páànù, Zakariyah, irọ́ Awo, owó ọbẹ̀. Ohùn mi já níbi Awo. Mo tún ibẹ̀ kà.

Ẹ̀rín-Ò-Tán ò rẹ́rìn-ín. Aláàsíá kan tó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi kẹ̀yìn sí mi, ó ń so okùn bàtà tí kò tú. Fawziyah gba báírò lọ́wọ́ akápò. Ó fa ìlà kan gba inú àyè OWÓ ORÍ kọjá, látòkè dé ìsàlẹ̀. Kò lo rúlà, ó sì tọ́. Ó kọ ₦6,000 sí iwájú orúkọ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó gbé báírò fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó wá wọ pápá, ó fọn fèrè. Eré bẹ̀rẹ̀ lákòókò.

Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọjọ́ Ajé, 27

Mo ta ilẹ̀ kékeré tí mo ní lọ́nà Awo. Ẹni tó rà á mọ̀ pé ojú ń kán mi, ó yọ tirẹ̀ nínú owó náà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. ₦440,000 ti padà sọ́wọ́ akápò, kí wọ́n pín in fún àwọn rẹfirí. Ẹ̀dà lẹ́tà kan ti lọ sí Òṣogbo, nítorí Zakariyah.

Ọjọ́rú, 29

Ọ́fíìsì owó orí. Fawziyah ti dé ṣáájú mi.

Onígò ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé ara yín lẹ fi ń lélẹ̀ yìí?" Mo ní mo mọ̀. Mo san ₦48,600 tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ Fawziyah láti ọdún mẹ́rin. Òun náà san ti aṣọ rírán. Onígò tẹ ìwé náà jáde, ó ṣì gbóná nígbà tó nà án sí i. Ọjọ́ kan ló kù.

Fawziyah ka orúkọ ara rẹ̀ sókè, bí ẹni tó ń ka ti ẹlòmíràn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Onígò. Ó wá yíjú sí mi.

"Ó dàbọ̀, Ọ̀gá Bùràímọ̀."

Ọdún mẹ́rin ló fi pè mí ní Bàbá.

Ó ku ìwé tèmi: àdéhùn pé n óò san gbogbo ohun tí mo yọ nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé. Èrò ti pọ̀ lẹ́yìn mi, wọ́n ń ráhùn. Onígò ní kí n kàn fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ná, kí n máa lọ sinmi. Tí òun bá ráyè, òun á ṣírò rẹ̀, òun á kọ iye sí i. Àyè owó ṣófo. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ìlà tirẹ̀ nà.

Mo dá báírò padà fún un. Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi kọ iye rẹ̀ sí i kí n tó fọwọ́ sí i. Bó ti wù kó pọ̀ tó. Mo lè dúró."

Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí àwọn èrò lè kọjá. Nígbà tí wọ́n tán, a jọ ṣírò rẹ̀: èmi ń dárúkọ iye eré ọdọọdún, òun ń tẹ ẹ̀rọ. Òjò ti ń rọ̀ lórí páànù kí a tó parí. Ó kọ iye náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ sí i.