Ogún Ìṣẹ́jú Lórí Òkúta Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Òkúta dé. Ó dúdú, ó ga jù mí lọ. Orúkọ gbogbo ẹni tó ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní dáyósíìsì wa ni wọ́n máa gbẹ́ sí i, láti orí ti àkọ́kọ́ títí dé ti òní, pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi ni kí n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún agbẹ́-òkúta. Ìwé ìtàn tí mo kọ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà, ní mẹ́fà ni wọ́n. Ó yẹ kó rọrùn. Akọ̀wé bíṣọ́ọ̀bù — Fadá Kíákíá ni mo ń pè é — fẹ́ kó parí kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó tán.

Ọjọ́rú, 5
Kò rọrùn. Nínú àpótí kan ní yàrá ìwé àtijọ́, lábẹ́ ìwé ìgbéyàwó, mo rí ojú ìwé kan ṣoṣo. Ó kan ọkùnrin tí póòpù yàn tẹ̀lé bíṣọ́ọ̀bù kẹta, tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ kó tó gorí àga. N kò kà á mọ́ wọn nínú ìwé mi. Ojú ìwé yìí ní wọ́n ka lẹ́tà póòpù níwájú rẹ̀ lórí ibùsùn, ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Fadá mẹ́ta fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ti ka lẹ́tà yẹn fún un lójú ayé rẹ̀, dáyósíìsì ti di tirẹ̀ nìyẹn. Méje ni wọ́n, kì í ṣe mẹ́fà.
Ọgbọ̀n ọdún ni ìwé mi fi du òkú ní oyè rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ẹ̀gbọ́n obìnrin tí ọkùnrin náà ní ṣì wà láyé. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló tọ́jú rẹ̀ dópin. Mo pè é, mo sọ ohun tí mo rí. Ó bi mí pé:
"Ṣé ẹ máa kọ ọ́ sára òkúta?"
Mo ní mo ṣì ń wádìí, mà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Àǹtí Nọ́ọ̀sì pè. "Ṣé ẹ ti kọ ọ́?" Rárá, mà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ó tún pè, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyàwó mi ní, "Ẹ bá wọn kọ orúkọ àbúrò wọn, kí fóònù yìí lè sinmi." Agbẹ́-òkúta ti dúró lẹ́yìn orúkọ kẹta, ó ń jẹ ẹ̀pà. Arúgbó ń retí orúkọ àbúrò rẹ̀ kó tó kú. Èmi ni mo dá a dúró.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo dé ilé ìwòsàn. Ìwé ikú wọn wà, ikán ti jẹ etí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an. Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Aago mẹ́rin ni wọ́n ka lẹ́tà. A kì í fi òkú jẹ bíṣọ́ọ̀bù.
Fadá Kíákíá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, agogo ìjọ wa gan-an ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sáré, áńbọ̀sì aago ilé ìwòsàn. Fadá mẹ́ta fọwọ́ sí i, ẹ wá ń bá aago jà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Tí mo bá kọ ọ́, ó lè jẹ́ irọ́. Tí n kò bá kọ ọ́, ó lè jẹ́ olè, lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú, 12
Mo ní kí agbẹ́-òkúta kọ ọ́. Kì í ṣe ẹ̀rí ló borí. Fóònù arúgbó ni.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo fẹsẹ̀ mi mú ìròyìn ayọ̀ lọ bá Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ bíi ti ilé ìwòsàn, igun ìbora ká gún régé. Mo ní, ẹ kú oríire, mà, wọ́n ti ń gbẹ́ orúkọ àbúrò yín. Ó fọwọ́ bo ojú.
Ohun tó sọ nìyí. Kí àwọn fadá tó dé, òun ti pa ojú àbúrò òun dé. Òun ló kọ aago sínú ìwé ikú. Wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn nínú òjò, lẹ́tà náà wà láyà àgbà inú wọn kó má bàa tutù. "Mi ò lè wí fún wọn. Mo ní ó ń sùn. Mo ní kí wọ́n rọra kà á." Wọ́n sì rọra kà á.
Mo bi í pé kí ló wá dé tó fi ń pè mí lójoojúmọ́.
"Tíṣà, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ìwé yín ò kà á mọ́ wọn, ọkàn mi balẹ̀. Àfi bí ẹ ṣe lọ tú àpótí."
Ìwé mi ti tọ̀nà láti ọgbọ̀n ọdún. Èmi ni n kò mọ̀.
Mo ní ṣé kí n sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ọ́, ó ti rẹ òun.
Mo sáré dé katidíráà. Orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ìkẹrin láti òkè. Agbẹ́-òkúta ń gbọn eruku kúrò nírùngbọ̀n. "Bàbá, òkúta ò ní ìrésà tí a fi ń pa nǹkan rẹ́ o."
Nọ́ńbà ńkọ́?
"Nọ́ńbà ni mo máa ń fi kádìí iṣẹ́ nílẹ̀."
Mo jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo rò ó fún bíṣọ́ọ̀bù, tinú tẹ̀yìn. Ó ní kí orúkọ náà wà níbẹ̀, kí nọ́ńbà fò ó. Ó ní jíjẹ́ ìkẹfà ti mọ́ òun lára tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16
A mú Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá lẹ́yìn ìsìn. Ó fi ìka tọ orúkọ náà títí ìka fi dé ibi tó dán, níbi tí àwọn yòókù ti ní nọ́ńbà.
"Tirẹ̀ dà?"
Kò ní, mà.
Ó tún fọwọ́ ra ibẹ̀. Ó ní ká wá àga fún òun. Ó jókòó kọjú sí òkúta, báàgì lórí itan, bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀.
"Tíṣà, ẹ rọra," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó sùn wàyí."