Àgbàdo Tí Ẹ Fà Tu

Bàbá mi, ẹni tí mò ń sunkún fún tí mo sì ń bínú sí,

Mo gba oko yín ní Ìrókò kọjá lánàá. Ọ̀dá tún ti dé. Àgbàdo ẹni tó ń dáko níbẹ̀ báyìí ti ká ewé bíi tiyín lọ́dún náà.

Ṣé ẹ rántí? Mo ti yunifásítì dé, mo bá yín lórí ebè. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á tu. Kò tíì kú."

Mo ṣàlàyé pé ihò tíntìntín wà lára ewé, tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni omi ń gbà jáde. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, oje kan á sun nínú gbòǹgbò àti ewé, bí ẹni ránṣẹ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì méjì tó ń ṣọ́ ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, omi inú wọn á dín kù, wọ́n á rọ̀, ihò á pa dé. Àgbàdo náà ń ṣọ́ ìwọ̀nba omi tó kù ni. Ó ń dúró de òjò.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ yíjú sí Bàbá Ràmọ́nì tí oko wọn bá tiyín pààlà. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin mi ń wí? Ewé ń panu dé! Ẹni tí kò kọ ebè kan rí!"

Bàbá Ràmọ́nì kò rẹ́rìn-ín. Wọn kò fa tiwọn tu. Ẹ̀yin fa tiyín, àfi ebè mẹ́ta ìdí ọ̀pẹ tí Màmá bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Ewé àgbàdo Bàbá Ràmọ́nì tún tẹ́jú. Ti Màmá náà tẹ́jú. Ẹ tún tiyín gbìn, ó ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin lẹ fi mí sílé ìwé. Kí lẹ wá fẹ́ kí n kó bọ̀ níbẹ̀? Ká ní ọkùnrin ni mí ńkọ́?

Nígbà tí àgbàdo Màmá gbó, èmi ni mo sè é, tí mo gbé e síwájú yín. Ẹ jẹ mẹ́ta. Ẹ to ṣùkù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yíjú sí ògiri. Mo jókòó tì yín, mò ń retí ọ̀rọ̀ kan péré. Nígbà tí ọyẹ́ dé, àìsàn mú yín lọ.

Olùkọ́ ni mí báyìí. Mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ihò ara ewé, wọ́n sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọn kì í jiyàn. Kí ló dé tí kò tó mi?

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ kò tíì rọ̀.