Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tí Mo Fi Dúró De Ìnṣọ́ránsì Tansy

Denise ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo sì bẹ Ọlọ́run kí òtútù Leeds fi ọrùn yín sílẹ̀. Gbogbo wa ní Skelbeck ń mí, èmi, ìyá rẹ, àti Tansy. Ọ̀rọ̀ Tansy yìí gan-an ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé sí ọ, nítorí pé a ti borí, gbogbo abúlé ló sì ti gbọ́.

O rántí bí Biddy, fẹ́rẹ́ẹ̀tì wa àtijọ́ tí mo fi ń dẹ ehoro, ṣe kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Iṣẹ́ abẹ ni ì bá gbà á là, owó rẹ̀ ni a kò ní. Ọjọ́ tí a sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewébẹ̀ rúbáàbù ni ìyá rẹ sunkún, tó sì búra pé òun kò tún ní sin fẹ́rẹ́ẹ̀tì kankan mọ́ nítorí àìlówó. Nígbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí Tansy pé ọmọ ọdún márùn-ún, Dókítà Farrar tó ń tọ́jú ẹranko ní kí a tètè gba ìnṣọ́ránsì ìlera fún un, pé tó bá ti pé ọdún márùn-ún, kò sí ilé-iṣẹ́ tó máa gbà á mọ́. Clifford ará ilé kejì gbọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó ní Norman, ta ló gbọ́ ọ rí, ìwọ tí o kò ní ìnṣọ́ránsì eyín ara rẹ. Mo ní eyín mi ti tán, Tansy ṣì ní gbogbo tiẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ilé-iṣẹ́ lórí fóònù. Èyí àkọ́kọ́ ní ajá, ológbò àti ehoro nìkan ló wà nínú fọ́ọ̀mù àwọn, ọmọkùnrin ibẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ fẹ́rẹ́ẹ̀tì. Mo ṣàlàyé fún un pé ó gùn bí ìbọ̀sẹ̀, eyín wà lẹ́nu ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sì ń wọ inú ihò lọ lé ehoro jáde. Ló bá ní kí á kúkú kọ ọ́ sábẹ́ ehoro. Mo ní ọmọ mi, ehoro ni oúnjẹ rẹ̀. Èkejì fẹ́ gbà á, àmọ́ wọ́n ní àwọn kì í gba ẹranko tó ń ṣiṣẹ́. Mo ní ó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní láti ìgbà wo, mo ní láti ìgbà tí orúnkún ti ń dùn mí, nítorí èmi ni mo máa ń gbé e lọ sígbó ọdẹ. Wọ́n ní àwọn á pè mí padà. Wọn ò pè. Ẹ̀kẹta ni mo mú, nítorí pé ọmọbìnrin tó gbé fóònù béèrè orúkọ Tansy kó tó béèrè nọ́ńbà àkáǹtì mi.

Ó ku ọjọ́ méjì péré kí Tansy pé ọdún márùn-ún nígbà tí ọmọbìnrin náà kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, bàbá, ẹ máa dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ìnṣọ́ránsì náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ o. Mo bi í pé ṣé mo lè jókòó dúró, ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo bá gbé àga lọ sínú ahéré ẹ̀yìnkùlé tí àgò Tansy wà, mo sì ń dúró. Mi ò lọ sọ́jà, mi ò lọ sílé ọtí, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tó bẹ́ẹ̀ tí pásítọ̀ fi wá wò mí pé ṣé kò sí o. Ìyá rẹ ń gbé tíì wá. Clifford yọrí lókè ògiri, ó ní Norman, ṣé ẹyin lo ń sàba lé ni? Mi ò dá a lóhùn, kí n má lọ ba ìdúró náà jẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún mo dìde, orúnkún mi ké, mo pe ọmọbìnrin náà pé mo ti dúró tán. Ó ní, bàbá, ẹ ò kúrò níbẹ̀ rárá? Mo ní àfi láti sùn àti láti tọ̀. Ó ní látìgbà tí òun ti dé ẹnu iṣẹ́ yìí, òun ò rí ẹni tó ṣe é pé tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni Clifford wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ gún àgò. Kí a tó ṣẹ́jú, Tansy ti já rọ́bà ìdí ọ̀pá náà, ó ti gbé e mì. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, kò jẹun, kò gbórí. Ìyá rẹ kàn ń wo ṣọ́bìrì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo ní ìwé lọ́wọ́! Dókítà Farrar là á nínú, ó yọ rọ́bà náà, ilé-iṣẹ́ náà sì sanwó láìjiyàn. Nígbà tí Tansy lajú, ìka dókítà ló kọ́kọ́ bù jẹ, ìyá rẹ sì hó fún ayọ̀ débi pé gbogbo ajá tó ń dúró de ìtọ́jú ló gbó. Clifford ti gba ìnṣọ́ránsì fún fẹ́rẹ́ẹ̀tì méjì tirẹ̀. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin tó ti wà lórí àga. Èmi ni mò ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

Ó ku ohun kékeré kan. Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn àkọ́kọ́ nínú owó iṣẹ́ abẹ, èmi ni mo máa san án, pé ó wà nínú ọ̀rọ̀ tíntìntín tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé ìnṣọ́ránsì náà. Mo fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé mo ní ọmọ ní Leeds. Jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́, àmọ́ má fi sórí fóònù o, inú àpòòwé ni kí o fi sí, nítorí mo ti yẹ fóònù mi wò tinú tẹ̀yìn, kò sí ihò tí owó lè gbà jáde.

Ọlọ́run á bò ọ́, ìwọ àti ọkọ rẹ, kò sì ní sí ọ̀rọ̀ tíntìntín kankan nísàlẹ̀ ìwé tirẹ̀.

Bàbá rẹ,
Norman Sugden