Ta Ló Ń Ba Bíríkì Mi Jẹ́?

Ọjọ́ Ajé, 4 Ẹrẹ́nà

Mo ti fi orí ru òkúta títí àárín orí mi fi pá. Mo ti sùn lórí àpò símẹ́ǹtì. Iléru àkọ́kọ́ tí mo mọ, òjò wó o. Èkejì wó fúnra rẹ̀, ó sì jó mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lé mi jáde, ó ní ẹni tí kò kọjá ìwé kẹta kò lè dá nǹkan kan sílẹ̀. Ìwé kẹta náà rèé tí mo fi ń kọ èyí! Lónìí, bí wọ́n bá ń yọ́ irin níbikíbi ní agbègbè yìí, inú iléru tí wọ́n fi bíríkì mi tẹ́ ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Magnẹ́síà tèmi. Òkúta tí mo sun títí ó fi gbàgbé pé òun jẹ́ òkúta. Iná tó ń sọ irin di omi, kò rí i ṣe.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan fẹ́ bà mí jẹ́. Onírin pè lórí fóònù — ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, oníbàárà mi tó tóbi jù. "Bàbá, bíríkì yín ń fọ́ kó tó rí iná rárá. Ṣé ẹfun lẹ wá ń tà fún wa ni?" Ẹfun! Èmi! Ó ní bí ẹrù tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ Aláfarawé lòun ń lọ — ẹni tó wo iléru mi lójú, tó lọ mọ irú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ títì.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín, fóòmáànù mi. Ó rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo dúró ti iléru fúnra mi. Iná funfun báláú, ojú ò gbà á. Mo bu díẹ̀ nínú èyí tó jáde, mo sè é nínú omi láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Èyí tí kò jinná á wú, á di ẹrẹ̀. Tèmi? Ó le ju orí ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ.

Iná ò jẹ̀bi. A jẹ́ pé inú ilé ìkẹ́rù ni wọ́n ti ń bà á jẹ́, níbi tí bíríkì ń dúró sí kí ọkọ̀ tó wá gbé e. Èmi ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ní, Ọ̀gá Inú Ilé — ìyàwó mi — náà ní. Èmi ò ní ba tèmi jẹ́. Ìyàwó mi ńkọ́? Iṣẹ́ yìí ló ń gbé ìkòkò rẹ̀ kaná. Ó wá ku ta ni?

Wọ́n sì rí Ẹlẹ́rìn-ín tó ń bá dírẹ́bà Aláfarawé sọ̀rọ̀. Mo bi í. "Àna mi ni, Bàbá." Àna! Àna tó wá yọjú ní ọ̀sẹ̀ tí bíríkì mi ń fọ́!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, mo lé e. Lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Bàbá, iná tí mo bá yín dá ló jó irùngbọ̀n mi tí kò fi hù mọ́. Ẹ ṣé o." Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Inú Ilé ní, "Ẹ tún ti dé. Lọ́jọ́ kan ẹ ó lé òjìji ara yín." Kí ló mọ̀ nípa iléru?

Ọjọ́rú, 13

Ẹlẹ́rìn-ín ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Aláfarawé. Mo wí bẹ́ẹ̀! Àbí mi ò wí bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Mo ṣílẹ̀kùn ilé ìkẹ́rù láti wo ẹrù Onírin. Ìlà ìsàlẹ̀ ti sán bíi gìgísẹ̀ arúgbó. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan — ó rún mọ́ mi lọ́wọ́. Olè yẹn ti gé kọ́kọ́rọ́ mìíràn! Mo pààrọ̀ àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ kan fún mi, ọ̀kan fún ìyàwó mi. Ó tán.

Ọjọ́ Àìkú, 17

Mo purọ́ pé mo ń lọ kí ọ̀rẹ́. Mo gba ẹ̀yìn wọ ilé ìkẹ́rù, mo lúgọ. Ikọ́ ń gbọ̀n mí, mo fi fìlà di ẹnu. Ilẹ̀kùn ṣí. Mo gbé igi sókè.

Ọ̀gá Inú Ilé ni. Òun àti garawa omi. Ó ń wọ́n omi sílẹ̀ láti ìlà dé ìlà, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Omi ń ṣàn lọ sábẹ́ bíríkì.

Mo pariwo. Òun náà pariwo. "Bàbá wọn! Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Mo ní òun ló fẹ́ pa mí. Omi! Sábẹ́ magnẹ́síà!

"Dókítà ní ekuru ibí yìí ló ń fa ikọ́ yín. Aṣọ ìbomú, ẹ ò lò. Kí n máa wò yín kẹ́ ẹ kú? Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń fomi pa ekuru náà."

Mo ní ṣé kò mọ̀ pé bíríkì yìí ń gba iná ni, kò gba omi? Pé bó ti wù kó jinná tó, bó bá jókòó pẹ́ sínú ọ̀rinrin, á mu ún, á wú, á sán?

"Ta ló sọ fún mi? Ẹ̀yin?"

Mi ò sọ. Àṣírí iṣẹ́ ni. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́ fún láyé mi — Ẹlẹ́rìn-ín.

"Ó dáa. Àṣírí yín ti mu omi yó." Ó gbé garawa rẹ̀, ó lọ.

Ẹrù mìíràn gbọ́dọ̀ jáde fún Onírin. Ojú mi ò lè wo iná funfun yẹn pẹ́ mọ́ — ìwé yìí nìkan ni mo sọ fún. Ẹni tó lè bá mi wò ó wà lọ́dọ̀ ọ̀tá, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi tì í lọ síbẹ̀. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́sẹ̀ tó ń wọlé yìí, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lójúmọmọ, màá wọ ẹ̀wù mi tó dára jù, màá fẹsẹ̀ rìn dé géètì Aláfarawé, màá kànkùn. Kó fi mí ṣẹ̀sín bó bá wù ú. Màá ní kó bá mi pe Ẹlẹ́rìn-ín, màá sì sọ ọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́ wọn pé mo fẹ̀sùn kàn án lásán. Kí wọ́n pe dírẹ́bà yẹn náà wá gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ àna rẹ̀ lóòótọ́.