Ẹni Tó Mú Kámẹ́rà Dání

Bàbá mi,

Mo kí yín láti Aramọkọ, láti ilé ọkọ mi. Ara mi le, wọ́n ń tọ́jú mi, ẹ má ṣàníyàn. Ọ̀rọ̀ fíìmù kan ló gbé mi lọ́kàn, ẹ̀yin nìkan ni mo sì lè kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àbúrò ọkọ mi obìnrin, ẹni tí mo sọ ní Adúmáadán, gbé fíìmù náà sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀rẹ́ méjì wọ igbó, ẹranko abàmì kan ń lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn ló ń fi kámẹ́rà ọwọ́ rẹ̀ ya gbogbo rẹ̀. A kì í rí òun fúnra rẹ̀, mímí rẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Ibẹ̀ dára, Bàbá. Koríko á kàn mì, ẹ̀ka á ṣẹ́, jìnnìjìnnì á bò mí. Ìgbà tí wọ́n wá fi ẹranko ọ̀hún hàn ni wọ́n bà á jẹ́, àfi bí ẹni tó da awọ ewúrẹ́ bora. Àwòrán náà sì ń gbọ̀n jù.

Ìyá ọkọ mi pariwo, “Ẹ pa á o, òòyì ti ń kọ́ mi! Gbogbo ulé ń yí!”

A wò ó tán, Adúmáadán wá bú sẹ́rìn-ín. “Irọ́ ibẹ̀ pọ̀. Ikú ń lé ọ̀rẹ́ ẹ, ìwọ ń ya fídíò? Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Àbí, ìyàwó wa?”

Mo dìde, mo wọ yàrá lọ.

Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí ọ̀kadà gbé yín ṣubú lọ́nà Ìlogbò, fídíò yín ti dé orí fóònù mi kí ẹnikẹ́ni tó wá túfọ̀ nílé. Ẹ wà nílẹ̀ lẹ́bàá títì, ẹ na ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí ẹ fi ń mú ẹran inú àwo yín fún mi. Ṣé omi lẹ ń tọrọ, àbí ẹ ní kí wọ́n yé yà yín? Ẹni tó ń yà yín ò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ mímí rẹ̀. Ibi ọwọ́ yẹn ni mo máa ń dá a dúró. N kò wò ó dé òpin rí.

Nígbẹ̀yìn fíìmù yẹn, kámẹ́rà bọ́ sílẹ̀, torí ẹni tó mú un dání sáré lọ fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọ. Ibẹ̀ ló dára jù lójú mi, ibẹ̀ náà ló sì dùn mí jù. Òṣèré lásán mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn ju kámẹ́rà nù.

Ọkọ mi wọlé tọ̀ mí. Ojú rẹ̀ ṣì máa ń tì mí, ṣùgbọ́n mo gbé fóònù fún un, mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wò ó dé òpin, bóyá ẹnìkan gbé yín. Mo kọjú sí ògiri, mo fi ìka dí etí. Ó pẹ́ kó tó fọwọ́ kàn mí.

“Obìnrin kan wá gbé orí wọn lé itan.”

Kí n tó yíjú, ó ti pa fídíò náà rẹ́.

Ó fẹ́ràn mi, Bàbá. Ó lè purọ́ nítorí mi. Mò ń gbìyànjú láti gbà á gbọ́. Ṣé obìnrin náà wá lóòótọ́?

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò sí níbẹ̀ láti gbé orí yín.