Ìdì Kẹta

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹyọ àti ìdì mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ọgbọ̀n ni wọ́n. Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan wá, a sì dì wọ́n sí ìdì mẹ́ta. Treasure ló pẹ́ jù kó tó yé e. Lọ́jọ́ Ẹtì ló kọ 30 bó ṣe yẹ, ó pariwo, "Àǹtí, ó ti yé mi!" Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, ibà ti pa á.

Lánàá, mo fẹ́ tú ìdì kẹta kí n yọ ẹyọ kan. Sherifat, ọ̀rẹ́ Treasure, di ọwọ́ mi mú: "Don Allah, ẹ jọ̀wọ́ Àǹtí, ẹ má yọ Treasure kúrò."

N kò lè yọ ọ́. Mo kàn kọ 29 sójú pátákó. Hausa ni wọ́n fi kà á: ogún àti mẹ́sàn-án. Yorùbá lèmi fi kà á lọ́kàn mi: mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n tí ọ̀kan ti dín nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti Ìyá Motún. Ẹ má tíì pè mí lọ́sẹ̀ yìí, ohùn mi ti há díẹ̀. Òtútù Jos ló fà á.

Ọmọ yín,
Ìbíjọkẹ́